Ààyè Ẹnì Kan ní Láàbù Iléru

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù kẹwàá

Wọ́n ti lẹ ìkéde iṣẹ́ mọ́ pátákó. Mo rí i láàárọ̀ yìí kí n tó bọ́ ẹ̀wù òjò lọ́rùn: olùwádìí kan, iṣẹ́ títí dọjọ́ ìfẹ̀yìntì, ẹ̀ka físíìsì àti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ló jọ fẹ́ gbà á. Ẹnì kan ṣoṣo. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń retí ìwé yẹn. Nígbà tó wá dé, mo kàn dúró síwájú ẹ̀ tí omi ń kán lára mi sílẹ̀.

Ìlà kẹfà ló gbá mi láyà. Kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà ti gboyè ọ̀mọ̀wé. Tèmi máa pé ọdún mẹ́wàá ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní. Kọ́ńtíráàtì mi náà, ìkarùn-ún irú ẹ̀, á tán ní ọgbọ̀njọ́ oṣù tó ń bọ̀. Bí mi ò bá rí eléyìí gbà, kò sí irú ẹ̀ mìíràn tí mo tún lè dáwọ́ lé láyé mi.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí mo délé. Wọn ò gbé ojú kúrò lára aṣọ tí wọ́n ń rán. Wọ́n bi mí pé ṣé àwọn tó fẹ́ gbani yẹn mọ̀ pé mo ti ń ṣiṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Mo ní wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kí ni wọ́n wá ń wá kiri?

Ajé, 6 oṣù kẹwàá

Gíláàsì, olùwádìí kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, wá bá mi nídìí iléru. Ó ń nu awò ojú ẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà níkùn ẹ̀. Ó ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, òun náà fẹ́ gba fọ́ọ̀mù. Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ọdún mẹ́ta péré ló ti gboyè, ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú ẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Èmi ni mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lọ ìyẹ̀fun amọ̀ tí wọ́n ń lò nínú bátìrì, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ di pẹlẹbẹ kékeré tá a ń pè ní bọ́tìnì, bí wọ́n ṣe ń sun ún. Mo ní kó lọ gbà á, ilẹ̀ ò ní ya. Nígbà tó lọ tán, inú bí mi, mo sì tún bínú sí ara mi pé inú ń bí mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní àwọn máa kọ ìwé ẹ̀rí fún àwa méjèèjì. Wọ́n fi ẹnu kan náà sọ fún mi pé ti ọmọ yẹn á le díẹ̀, nítorí pé kò tíì rí èsì gidi kan mú jáde. Òótọ́ ni. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ń sun bọ́tìnì ní iléru tuntun, ní ìwọ̀n ooru 970 gẹ́gẹ́ bí àpilẹ̀kọ tí mo tẹ̀ jáde ṣe wí, gbogbo ẹ̀ ló ń rún wómúwómú bíi bisikíìtì.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹwàá

Òjò láti òru. Òrùlé tún ń jò, a gbé báàfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ iléru àtijọ́, iléru mi. Gíláàsì gbé àwo bọ́tìnì tuntun wá, ojú ẹ̀ ti sọ ohun tó wà nínú àwo kó tó ṣí i. Wọ́n ti rún.

Mo gbaná jẹ. Mo ní wákàtí mélòó lo fi lọ ìyẹ̀fun yẹn? Ó ní mẹ́rìnlá. Mo ní irọ́ ni, kò lè jẹ́ mẹ́rìnlá, tàbí kó jẹ́ pé ọwọ́ ẹ ló wúwo jù nígbà tó o ń tẹ̀ ẹ́. Mo na ìka sí ara ògiri níbi tí mo ti fi máàkà kọ TÚN UN ṢE lọ́dún méjì sẹ́yìn. Àṣà wa nìyẹn: ẹni tí èsì ẹ̀ ò bá bá àpilẹ̀kọ mu, òun ló máa tún un ṣe. Ó ní ó ti yé òun, ó sì padà sídìí odó ìlọyẹ̀fun.

Mo kíyè sí i pé èékánná ìka ẹ̀ méjì ti dúdú.

Àìkú, 12 oṣù kẹwàá

Fọ́ọ̀mù, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní kéèyàn kọ iṣẹ́ tó dára jù tó ti ṣe, mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ayé ló ń sun amọ̀ bátìrì ní 1,100, èmi sun ún ní 970, ó sì le bí òkúta. Àádóje ìwọ̀n ooru ni mo yọ kúrò nínú iná tí àwọn ilé iṣẹ́ bátìrì ń dá. Torí nọ́ńbà yẹn làwọn èèyàn tí mi ò rí rí ṣe ń kọ ímeèlì sí mi. Bí mo bá máa rí iṣẹ́ yìí, òun náà ló máa gbà á fún mi.

Ẹtì, 17 oṣù kẹwàá

Mo fi sílẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ nínú fáìlì. Oníwèé-ẹ̀dà ti tún fi owó kún owó ojú ìwé kan, ó ní yíǹkì ti gbówó lórí. Owó Gíláàsì ò tó láti ṣe ẹ̀dà kẹfà, mo bá a san án. Ó dúpẹ́ títí ó fi sú mi.

Ẹtì, 24 oṣù kẹwàá

Orúkọ mẹ́rin ló jáde nínú mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Tèmi wà níbẹ̀, ti Gíláàsì náà wà níbẹ̀. A ò mọ bá a ṣe máa kí ara wa. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìgbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, a jọ pín búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ní kí kálukú mú iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dání.

Ajé, 27 oṣù kẹwàá

Òjò ti bá iléru àtijọ́ jẹ. Báàfù kún ní òpin ọ̀sẹ̀, omi wọ ẹ̀yìn ẹ̀. Oníná ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tàn án fún ọjọ́ mẹ́ta, àfi tá a bá fẹ́ kú. Mo nílò bọ́tìnì tuntun tí mo máa gbé síwájú ìgbìmọ̀. Kò burú, màá sun ún ní iléru tuntun. Ó tiẹ̀ máa dáa kí Gíláàsì wò mí bí mo ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́rú, 29 oṣù kẹwàá

Ó rún.

Èmi ni mo lọ ìyẹ̀fun yẹn. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo ka wákàtí ẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú níṣẹ̀ẹ́jú. Mo fi ìka méjì mú bọ́tìnì kan, ó di erùpẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Gíláàsì wà lẹ́yìn mi. Ó gbé ìgbálẹ̀ wá.

Mo ní iléru tuntun yẹn ló ń purọ́. Ó ní bóyá. Màá fi hàn lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù kẹwàá

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Fàdákà kì í ṣojúsàájú. 961 ló ń yọ́, bó jẹ́ iléru ọba, bó jẹ́ iléru alágbẹ̀dẹ. Mo mú wáyà fàdákà tín-ínrín nínú dúróà, mo gé e sí ọ̀nà mẹ́rin, mo fi ọ̀kan há iléru tuntun níbi tí mo ti lè yọjú wò ó. Mo rán Gíláàsì lọ jẹun. Mo fẹ́ dá nìkan rí i nígbà tí iléru yẹn bá tú ara ẹ̀ fó.

Iléru pe 960, fàdákà ṣì dúró. 962, ó ti di ẹ̀kán omi. Iléru tuntun ò purọ́.

Oníná ti ní mo lè tan tèmi. Mo fi fàdákà kejì sínú ẹ̀, mo jókòó tì í. Ní 840, mo yọjú, mi ò rí wáyà mọ́. Mo rò pé ó já bọ́ ni. Mo pa á, mo dúró kó tutù, mo fi ìkẹta sí i, mi ò ṣẹ́jú. Ní 838 ó tẹ̀, ní 840 ó kán.

Tí iléru mi bá ń pe 840, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni 961. Tó bá ń pe 970, mo ṣe ìṣirò ẹ̀ sẹ́yìn ìwé búrẹ́dì: 1,100. Ohun tí gbogbo ayé ń ṣe náà ni mo ń ṣe láti ọdún mẹ́ta. Kò sí nǹkan kan tí mo rí. Ọmọ tí mo ti ń bú fún oṣù mẹ́jọ, òun ló ń sun ún ní 970 tòótọ́, amọ̀ ò sì lè jinná ní 970. Ọwọ́ ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan rárá.

Ó padà dé, ó bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní mi ò tíì parí.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kọkànlá

Mo lọ sí láàbù nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Mo ṣí ìwé iléru sẹ́yìn, ọdún mẹ́ta, títí mo fi bá a. Ìkọ̀wé mi ni, yíǹkì aláwọ̀ ewé tí mo ń lò nígbà yẹn:

“Wáyà ìwọn-ooru já. Irú K ti tán ní sítóò, wọ́n fún mi ní N. Mo ti fi sí i. Màá yí ètò ojú ẹ̀ sí N lọ́la.”

Ọ̀la yẹn ni wọ́n pè mí láti ilé pé màmá wa ṣubú ní balùwẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò nílé. A sin wọ́n, mo padà síbi iṣẹ́, mi ò rántí nǹkan kan. Wáyà N wà nínú ẹ̀, ojú iléru sì ń kà á bíi K láti ìgbà yẹn, ó ń pe iye tó kéré sí ooru tó wà nínú ẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni bọ́tìnì àkọ́kọ́ jáde ní 970. Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé màmá ló fi ránṣẹ́ sí mi láti fi tù mí nínú.

Mi ò lè kọ ju báyìí lọ.

Ajé, 3 oṣù kọkànlá

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti rìnrìn àjò, ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n ń bọ̀. Mo sọ fún ara mi pé kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún. Irọ́ ni. Gíláàsì wà ní igun yàrá láti aago mẹ́jọ, ó ń lọ ìyẹ̀fun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde. Lẹ́ẹ̀kan mo dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo bá a gbé ṣíbí tó bọ́ sílẹ̀, mo padà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Màá sọ ọ́ lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àpilẹ̀kọ ò ní sá lọ síbì kan.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kọkànlá

Gíláàsì wá bá mi ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò nu awò ojú ẹ̀ lónìí, ó wò mí tààrà.

“Àǹtí, ọwọ́ mi ò gba iṣẹ́ yìí. Mo ti tún un ṣe nígbà mọ́kànlélógójì. Mo fẹ́ yọ orúkọ mi kúrò.”

Ó ní àbúrò bàbá òun ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fíríìjì ṣe, wọ́n sì ń wá èèyàn. Ó ní kí n má rò pé òun ń bínú sí mi, èmi ni mo sọ òótọ́ fún òun nígbà tí àwọn yòókù ń tan òun. Ó ní òun ò fẹ́ kí ìgbìmọ̀ wá sọ ohun tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo fi ahọ́n kàn án. Bí mo bá là á, iṣẹ́ lọ, orúkọ lọ, ọdún mẹ́wàá lọ. Ohun tí mo sọ ni pé: “Ro ó dáadáa.” Ó ní òun ti rò ó.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà. Mo rí orí ọmọ bó ṣe wọ́, èmi gan-an ni mo sì gbé e wọ́.

Ẹtì, 7 oṣù kọkànlá

Ó ti fi lẹ́tà sílẹ̀. Ó fọ odó ìlọyẹ̀fun, ó nu tábìlì ẹ̀, ó to àwọn bọ́tìnì tó rún sínú àpótí, ó kọ nọ́ńbà sára ọ̀rá kálukú wọn láti ìkíní dé ìkọkànlélógójì. Ó ní bóyá wọ́n á wúlò fún mi. Àwọn nìkan ni èsì tó jóòótọ́ nínú láàbù yẹn.

Àìkú, 9 oṣù kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n mi rí i pé mi ò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ K àti N ò ní yé wọn, àmọ́ wọ́n yọ tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, wọ́n gbé e sórí itan mi. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá àwọn ní tépù kan tí orí ẹ̀ ti gé. Gbogbo aṣọ tí ọ̀gá bá fi wọ̀n ló ń bá a mu, torí tépù yẹn náà ló fi ń wọ̀n, òun náà ló fi ń gé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó bá fi tépù tiwọn gé e ni wọ́n ń nà.

Mo ní kí wọ́n má sọ ọ́ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún. Mo ní kí wọ́n má parí ẹ̀.

Wọ́n wá bi mí pé ọmọ yẹn ńkọ́, ta ló ti sọ fún un. Mo bú sẹ́kún.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kọkànlá

Oòrùn yọ, lẹ́yìn gbogbo òjò yìí. Yàrá ìpàdé lókè, àwọn márùn-ún lẹ́yìn tábìlì gígùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n wa lára wọn. Mo wọ aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi rán. Wọ́n ti rán an kí n tó sọ fún wọn, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́.

Mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Mo gbé àwọn bọ́tìnì àtijọ́ kalẹ̀, wọ́n ń dán, wọ́n ń gbé e látọwọ́ dọ́wọ́. Màmá onímọ̀ ẹ̀rọ kan wà ní ìkángun, irun wọn ti funfun tán. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù lu bọ́tìnì, ó dún ganran bí àwo. Wọ́n gbójú sókè.

“Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé 970 ni 970 yẹn?”

Ìbéèrè tó rọrùn jù lọ láyé ni, kò sì sẹ́ni tó bi mí rí fún ọdún mẹ́ta. Mo gbọ́ ohùn ara mi:

“A máa ń fi fàdákà yẹ̀ ẹ́ wò, mà.”

Wọ́n mi orí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wò ó, mo ti fi fàdákà yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, ọjọ́ mẹ́tàlá sẹ́yìn. Mo ti ń sọ ìyẹn fún ara mi láti àárọ̀. Mo purọ́. Mo wo ojú àgbàlagbà, mo purọ́.

Ẹtì, 14 oṣù kọkànlá

Kò sí ìròyìn. Mo gbọn omi kúrò ní báàfù.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kọkànlá

Mo rí i gbà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé lẹ́tà náà wá fúnra wọn, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ méjèèjì, omi wà lójú wọn. Akọ̀wé ẹ̀ka ra bisikíìtì. Gbogbo èèyàn ń kí mi kú oríire. Mo mú bisikíìtì kan, ó rún mọ́ mi lọ́wọ́, mo kó èérún ẹ̀ sápò kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá láti fọwọ́ sí i.

Ẹtì, 21 oṣù kọkànlá

Ṣọ́ọ̀bù fíríìjì náà wà lójú títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Mo bá Gíláàsì lórí ìkúnlẹ̀ níwájú fíríìjì kan, ó ti tú ẹ̀yìn ẹ̀. Inú ẹ̀ dùn láti rí mi. Ó ní òun ti gbọ́, ẹ kú oríire, òun mọ̀ pé èmi ló máa gbà á. Ó nu àga fún mi.

Mi ò jókòó. Mo sọ ọ́ lórí ìdúró: wáyà, K, N, fàdákà, 1,100. Mo ní ọwọ́ ẹ̀ ò ní àbùkù kankan, ìgbà mọ́kànlélógójì tó ṣe é, ìgbà mọ́kànlélógójì ló ṣe é bó ṣe yẹ. Ojú ẹ̀ kọ́kọ́ là, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí ẹ̀. Mo rí i. Ó tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bi mí:

“Ìgbà wo lẹ mọ̀?”

Mo lè sọ pé àná. Ní gbogbo ọ̀nà tí mo gbà wá, àná ni mo fẹ́ sọ.

“Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹwàá.”

Ó wolẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń ṣírò ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa ṣírò kó tó sọ̀rọ̀.

“Ọjọ́ karùn-ún ni mo wá bá yín,” ó ní. “Ọjọ́ mẹ́fà.”

Ó yí padà sídìí fíríìjì, ó mú síkúrú kan, kò tètè rí ihò ẹ̀. Mo dúró títí ọ̀gá ẹ̀ fi bi mí bóyá mo gbé nǹkan wá ṣe.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù kọkànlá

Mo kọ lẹ́tà méjì, ọ̀kan sí àwọn tó tẹ àpilẹ̀kọ mi jáde pé kí wọ́n fà á padà, ọ̀kan sí olórí ẹ̀ka. Mo fi ọjọ́ gbogbo sínú ẹ̀, títí kan ọjọ́ kejìlá àti ìbéèrè màmá yẹn. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Mo rò pé á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ajé, 24 oṣù kọkànlá

Mo kọ́kọ́ gbé lẹ́tà náà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní orúkọ àwọn náà wà lórí àpilẹ̀kọ yẹn, wọ́n ní kí ló dé tí mi ò pe àwọn lórí fóònù lọ́jọ́ tí mo mọ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n wá ní ó rẹ àwọn, kí n jọ̀wọ́ pa ìlẹ̀kùn dé bí mo bá ń jáde.

Ẹtì, 28 oṣù kọkànlá

Wọ́n ti gba iṣẹ́ padà. Ìlà mẹ́ta. Wọn ò bú mi nínú ẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ ìkẹyìn mi lónìí. Mo kó ẹrù mi sínú páálí kan, kò kún. Kí n tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, mo lọ bá iléru. Mo tẹ bọ́tìnì ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: K lọ, N dé. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo tàn án, mo fi fàdákà ìkẹrin sínú ẹ̀, mo jókòó tì í títí. 961, ó kán. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iléru, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ mi.

Mo fẹ́ pa TÚN UN ṢE rẹ́ lára ògiri. Máàkà yẹn ò parẹ́ mọ́. Mo kọ KÍ N TÚN TÈMI NÁÀ ṢE sábẹ́ ẹ̀. Kò dára tó. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 3 oṣù kejìlá

Mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n ní mo mọ̀ ọ́n rán. Ọ̀rọ̀ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín.

Ajé, 8 oṣù kejìlá

Akọ̀wé ẹ̀ka fi ìkéde iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó: olùwádìí kan, ìlà kan náà, ọdún mẹ́wàá kan náà. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n máa parí gbígba fọ́ọ̀mù, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì máa fi ka ọdún oníkálukú. Tèmi á ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mi ò bínú. Kò tiẹ̀ yẹ kí n bínú.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù fíríìjì. Gíláàsì rí mi látòkèèrè, kò dìde. Mo kí i, ó dá mi lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà lóhùn. Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì níbi tí irin iṣẹ́ ẹ̀ wà. Mo ní mi ò wá bẹ̀bẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n sọ fún un pé ìwé ẹ̀rí tuntun ti wà nílẹ̀, èsì mọ́kànlélógójì sì wà nínú ẹ̀. Ó ní òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Kò wo ìwé náà.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀.

“Ṣé ẹ ti yí i?”

“Mo ti yí i. N ló wà lójú ẹ̀ báyìí. 961 gééé.”

Ó mi orí, ó tẹ orí ba sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Kò sọ pé ó dàbọ̀, èmi náà ò retí ẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn láti òdìkejì títì, ó ti gbé ìwé náà kúrò níbi tí epo ti lè ta sí i.